Ràfíátù Onígi Ìdádúró

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ràfíátù Oyèníran jẹ́, ẹ lọ dúró síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Nunhead ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ óò rí obìnrin kúkúrú kan nínú kóòtù yẹ́lò tó gùn dé kókósẹ̀, híjáàbù dúdú lábẹ́ fìlà iṣẹ́, tó di igi gígùn kan mú. Igi náà ga jù ú lọ. Orí rẹ̀ rí roboto bí àwo oúnjẹ, wọ́n sì kọ STOP sí i gàdàgbà. Bí Ràfíátù bá ti ki ẹsẹ̀ kan bọ títì báyìí, tó gbé igi yẹn sókè, lọ́rì dúró, táásì dúró, bọ́ọ̀sì alájà méjì á mí fììì bí ẹni tí wọ́n bá wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Ọdún kẹrìnlá rèé tí Ràfíátù ti wà lọ́jà tirẹ̀, orí ọmọ kankan ò sì tíì wọ́ níbẹ̀.

Kì í kàn ṣe pé ó ń dá mọ́tò dúró. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, Yorùbá ló sì fi ń kọ́ wọn. Ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Sòmálíà, ọmọ òyìnbó onírun pupa, kò sí èyí tó máa sọdá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúró létí títì kó pariwo pé: "Dúró! Wo ọ̀tún! Wo òsì! Fetí sílẹ̀! Ó yá!" Ohùn wọn lè wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé rọra bi í léèrè pé ṣé kò ní dáa kó máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ràfíátù dá a lóhùn pé mọ́tò náà kò kúkú gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ náà kò tíì wọ̀ létí: Àmírà, ọmọ Yorùbá tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn ìyókù á ṣì wà ní "wo òsì," Àmírà á ti fẹ́ dé àárín títì. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí Ràfíátù kì í fi okùn báàgì fà á padà bí ìgbà tí wọ́n ń fa ewúrẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí," á ní, "ọjọ́ tí mi ò bá sí níbí, ta ló máa dì ẹ́ mú?" Àmírà á kàn rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín rẹ̀ á hàn síta.

Obìnrin tó ń dá ọkọ̀ dúró yìí kò rí ọkọ dá dúró o. Ọdún kẹjọ rèé tí Mùsílíù ọkọ rẹ̀ ti padà sí Ìwó, tó ní òun fẹ́ lọ bójú tó ilé tí òun ń kọ́. Ilé náà ti bí ọmọ méjì báyìí. Ràfíátù fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á sì ti rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíì tó ráyè rẹ́rìn-ín. Òun àti Nusaybah ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní àjà kẹta ilé káńsù kan ní Peckham. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Nusaybah, London ni wọ́n bí i sí, jígí ojú ló ń tà ní Forest Hill, ó sì gbà pé ohun tí ojú bá ti rí, ẹnu gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti máa ń forí gbárí nìyẹn.

Ìdí làálì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún kan, wọ́n ṣe nìkáì ọmọ Àlháájà Àsúmáù, ọ̀rẹ́ Ràfíátù tí wọ́n jọ máa ń lọ sí àsàlátù ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Wọ́n lé làálì fún àwọn obìnrin lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, títí kan àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó máa di oṣù Keje, làálì ti ṣí tán, àfi àmì kan ṣoṣo tó kù lábẹ́ gìgísẹ̀ òsì Ràfíátù, tó dúdú, tí kò ju èékánná lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni obìnrin yìí ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń fọ ẹsẹ̀ náà, tó ń rí àmì náà, tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o, tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé làálì Àsúmáù mà dáa o. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ti ń ta sí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nusaybah ló rí ìbọ̀sẹ̀ náà níbi tó ti ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Mummy, ẹ jẹ́ n rí ẹsẹ̀ yín."

"Làálì ni."

"Làálì? Mummy, wedding yẹn was in May. Làálì wo ló ń grow?"

Ràfíátù na ẹsẹ̀ náà sí ọmọ rẹ̀. Wọ́n lọ rí dókítà. Jẹjẹrẹ awọ ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àwa rò pé àwọn òyìnbó tó ń sá ara wọn sóòrùn bí èlùbọ́ nìkan nirú àrùn yìí ń bá jà. Irú kan wà tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló máa ń fara pamọ́ sí lára èèyàn dúdú, òun ló rí Ràfíátù. Wọ́n gé e kúrò, ó jinná, ó padà sídìí igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwòrán tí wọ́n yà nínú ara rẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ti rán ọmọ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú mẹ́ta ni wọ́n rí níbẹ̀, èyí tó tóbi jù tó hóró àgbàdo.

Dókítà tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Kóyọ̀dé. London ni wọ́n bí òun náà sí. Yorùbá rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ "o" fún àgbà láé, èyí ló jẹ́ kí Ràfíátù fẹ́ràn rẹ̀ kíákíá.

"Ẹ wò ó, Mummy," ó ní, "inú blood yín, ẹ ní àwọn soldier. T cell la ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa patrol, kí wọ́n máa wo face gbogbo cell. Èyí tó bá ti jẹ́ enemy, wọ́n máa pa á."

"Kí ló wá dé tí wọn ò pa tèmi? Ṣé wọ́n lọ holiday ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò lọ ibì kankan, wọ́n wà níbẹ̀ gan-an, wọ́n yí jẹjẹrẹ náà ká. Ó ní ara ẹ̀dá ní àmì kan tó fi ń sọ fún ọmọ ogun pé ó tó, kó dúró, kí ogun má baà jó ilé onílé. Àmì yẹn ni jẹjẹrẹ ti kọ́. Bí ọmọ ogun bá ti ń súnmọ́ ọn báyìí, á na àmì náà sókè, ọmọ ogun á sì dúró gbagidi.

Ràfíátù wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tí igi ti mú le.

"Ẹ dúró ná, Dókítà. Ṣé ẹ ń sọ pé ó jí igi mi ni?"

"Igi wo, Mummy?"

Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kó tó sọ ọ́ tán, Dókítà Kóyọ̀dé ti ń fọwọ́ gbá tábìlì. "Exactly! Ó jí igi yín! Ó wọ kóòtù yẹ́lò, ó dúró sí middle of the road, gbogbo soldier ti park! Drug tí mo fẹ́ fún yín yìí, òun kọ́ ló máa pa cancer yẹn o. Ó kàn máa gba igi lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Soldier yín fúnra wọn ló máa ṣe ìyókù." Mo gbọ́ pé títí dòní, ọ̀rọ̀ igi yẹn ló fi ń ṣàlàyé fún gbogbo aláìsàn tó bá wọlé tọ̀ ọ́, kì í sì í sọ ẹni tó fún un.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ jẹjẹrẹ ni Ràfíátù ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fi ṣẹ Ọlọ́run. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé olè lásán ló wọlé òun. Ẹ̀rù ìyà kọ́ ni wọ́n fi ń kojú olè, ìbínú ni. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀," ó ní. "Ẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí yìí."

Oṣù Kejìlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, á lọ jókòó sí ọsibítù, wọ́n á fa oògùn náà sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Morónkẹ́ fún un ní káàdì pélébé kan. Ó ní bí ara bá ń yún un, bí mímí bá nira, pàápàá bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kó pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ọ̀la. Ràfíátù fi káàdì náà sínú ìwé àdúà tó wà nínú báàgì rẹ̀, torí ó rò pé ibẹ̀ ló níyì jù. Ibẹ̀ náà ló sì gbàgbé rẹ̀ sí.

Nígbà tí oṣù Kejì ń parí lọ, wọ́n ya àwòrán mìíràn. Ojú mẹ́ta ti di méjì. Hóró àgbàdo ti di hóró ìrẹsì. Ràfíátù forí balẹ̀ fún Ọlọ́run lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọsibítù, àwọn èèyàn ń yà fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé: kí wọ́n má gba oògùn náà lọ́wọ́ òun. Obìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń jókòó gba oògùn ti sọ fún un pé wọ́n ti dá tòun dúró. Inú rírun ló ní ó fà á.

Oṣù Kẹta, ààwẹ̀ Ràmàdáànì wọlé. Dókítà ti ní kí Ràfíátù má gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má ṣínu. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, á bá àwọn èèyàn jókòó ní mọ́sáláásì, á jẹ dàbínù, á jẹ àkàrà, á fi omi máńgòrò oníṣúgà lé e, bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìdájí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ń yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó di ẹ̀ẹ̀meje.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ẹni tó jẹ àdídùn tí inú wá ń ta, tí ìdí ń ta? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìwó lè yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kó tó lọ ṣeré. Bí Ràfíátù ṣe fi orúkọ làálì bo ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ló tún ṣe fi orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí bo èyí. Ẹ má sì dá a lẹ́bi tán. Lọ́kàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fẹ́ kó jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n torí jẹ̀díjẹ̀dí gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Irun àti ìpara ni Àsúmáù ń tà ní Rye Lane, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn kan láyé tí kò ní ìgò tirẹ̀ lábẹ́ káńtà rẹ̀. "Ràfí, wá," ó ní, "àgbo jẹ̀dí rèé, Ìbàdàn ló ti wá last week. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Gbogbo sugar yẹn máa jáde." Inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ló rọ ọ́ sí, ó pupa dẹ̀ẹ̀dẹ̀. Ràfíátù mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo nǹkan sì jáde lóòótọ́, títí dórí agbára tó ń gbé e dìde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, òun kọ́ ló ń di igi mú mọ́, igi ló ń di òun mú. Ó rọ́jú títí tí ọmọ tó kẹ́yìn fi sọdá. Àmírà bojú wẹ̀yìn wò ó, ó ní, "Miss Raffi, face yín ti di grey." Ràfíátù ní kó máa lọ kíláàsì. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, kò sì mọ bí òun ṣe gun àtẹ̀gùn dé òkè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nusaybah pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Ọmọ náà tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó sáré wálé. Orí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí ìgò pupa yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mummy! Kí lèyí? Kí lẹ mu?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lọ toilet today?"

Ràfíátù kọ̀, kò fẹ́ sọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìyá ń kà sétí ọmọ tó bí. "Mọ́kànlá," ó sọ níkẹyìn, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Eleven? Wallahi, Mummy! Card tí nurse fún yín dà?"

Ó tú báàgì ìyá rẹ̀ dà sílẹ̀. Káàdì náà jábọ́ láti inú ìwé àdúà. Ó ti ń tẹ nọ́ńbà nígbà tí Ràfíátù di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Má pè wọ́n. Nusaybah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má pè wọ́n. Wọ́n máa gba oògùn yẹn lọ́wọ́ mi. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Hóró ìrẹsì ló kù. Jẹ́ kó parí iṣẹ́ ẹ̀ ná."

Nusaybah kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ di ẹrù pàápàá, kò bẹ̀ ẹ́. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù. "Mummy, tí ẹ bá kú sórí floor yìí, medicine wo lẹ tún fẹ́ gbà?" ó ní, ó sì pè wọ́n.

Láìpẹ́, wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, omi ti ń kán wọ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Dókítà Kóyọ̀dé wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Mummy, ẹ rántí igi yẹn? Nígbà tí a gba igi lọ́wọ́ cancer, gbogbo street la gbà á lọ́wọ́ wọn. Iwájú school náà ò ní igi mọ́. Àwọn soldier yín ti sáré wọ inú ìfun yín, wọ́n ń bá cell tí ò ṣẹ̀ wọ́n jà. Òun ló ń ṣe yín. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́. Ẹ wá tún lọ mu nǹkan tó ń push gbogbo ẹ̀ jáde."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ti Ràfíátù ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá tó sì ń pa, kò sí níbẹ̀ rárá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í.

"Kí lẹ máa wá ṣe?" ó bi í.

"A máa fún yín ní steroid, kó pe àwọn soldier yẹn padà. Drug yẹn, a ní láti stop ẹ̀. Kì í ṣe for now, Mummy. A ò ní fún yín mọ́."

Ó dé náà nìyẹn. Ràfíátù kọjú sógiri. Ó sunkún láìjẹ́ kó dún, nítorí àwọn tó wà ní ibùsùn kejì.

"Ta ló máa wá bá mi lé e?" ó béèrè, kò tíì kọjú padà.

"Àwọn kan náà, Mummy. Ẹ gbọ́. Àwọn T cell kan wà tí wọ́n ní memory. Tí wọ́n bá ti mọ face ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gbàgbé. Drug lè lọ, kí àwọn yẹn ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Mi ò promise yín o. Ṣùgbọ́n a ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Scan máa sọ fún wa ní June."

Ràfíátù mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò gbà á gbọ́ rárá. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń dúró sójú títì, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún un pé nǹkan á máa lọ bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí ẹni tó ń mú un lọ ti kúrò, kó wá dúró síwájú ilé-ìwé yẹn lọ́wọ́ aago mẹ́ta ààbọ̀ tí àwọn ọmọ ń jáde ná.

Ìgbẹ́ gbuuru náà dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìtọ́jú náà mú kí ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, ó sì mú kí ebi máa pa á lódìlódì. Wọ́n ní kó sinmi nílé. Káńsù fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonathan rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àsúmáù wá kí i, kò gbé ìgò kankan lọ́wọ́, ọsàn ló rà wá, ó sì sunkún títí tó fi jẹ́ pé Ràfíátù ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ìwọ kọ́ lo ya ẹnu mi," Ràfíátù sọ fún un. "Bóo bá tún rọ nǹkan sínú ìgò, ṣáà máa bi èèyàn pé oògùn wo ló ń lò." Gbogbo àárọ̀, bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ bá ti lù, ọkàn rẹ̀ á lọ sí Nunhead. Á tún rántí hóró ìrẹsì méjì tí kò sí ẹni tó ń lé wọn mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé ní oṣù Kẹfà. Wọ́n ti ya àwòrán náà tẹ́lẹ̀, èsì ló kù. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá fún un, Nusaybah sì ti ní kí wọ́n pàdé níbẹ̀. Ràfíátù kúrò nílé láago méjì ààbọ̀. Bí ìròyìn náà bá burú, ó fẹ́ kí òun ti kọ́kọ́ rí àwọn ọmọ òun. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Nunhead, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó dojú kọ ilé-ìwé náà, láìsí kóòtù yẹ́lò, láìsí igi, bí ìyá arúgbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ilé-ìwé jáde. Ràfíátù wo ojú títì, kò rí Jonathan. Ó wòkè, ó wosàlẹ̀, kò rí i. Mọ́tò ń já lọ wìì wìì. Àwọn ìyá tó wá kó ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń tẹ fóònù. Àwọn ọmọ ló ṣáájú. Ta ló sì ṣáájú àwọn ọmọ? Àmírà ni, tó ń sáré bọ̀, tí báàgì rẹ̀ ń fò lẹ́yìn.

Àyà Ràfíátù já. Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ títì.

Àmírà dé etí títì, ó dúró.

Ó dúró gbagidi. Ó tún na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má baà kọjá. "Dúró!" ó kígbe, pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀ tó wọ́. Gbogbo wọn dúró. "Wo ọ̀tún!" Orí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yí sọ́tùn-ún. "Wo òsì!" Wọ́n yí sósì. "Fetí sílẹ̀!" Ọmọ òyìnbó onírun pupa yẹn fọwọ́ gbá etí rẹ̀ mú. Ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò akẹ́rù tẹ bíréèkì, ó dúró, ó ń wò wọ́n tìyanu tìyanu. Mọ́tò òdìkejì náà dúró. "Ó yá!" Wọ́n sọdá. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn gun orí pèpéle ni Jonathan sáré yọ ní kọ̀nà, apá kan kóòtù nìkan ló tíì rí wọ̀, ó gbé igi dání, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó ṣẹ́ kù fún un.

Àmírà ló kọ́kọ́ rí Ràfíátù. Ó kígbe, ó rọ̀ mọ́ ọn níbàdí. Ràfíátù fi etí híjáàbù nu ojú rẹ̀.

"Ta ló ní kó o dúró?" ó bi í.

Àmírà gbójú sókè wò ó bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi ò sí níbí, Àmírà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò sí níbí."

"But ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ now," ọmọ náà ní, ó sì sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ.

Láago márùn-ún, Ràfíátù jókòó níwájú Dókítà Kóyọ̀dé. Ọwọ́ Nusaybah tutù nínú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ kò tutù. Dókítà ṣí àwòrán tuntun sójú ẹ̀rọ, ó gbé ti oṣù Kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hóró ìrẹsì kan ti lọ pátápátá. Èkejì, ó pẹ́ díẹ̀ kí dókítà fúnra rẹ̀ tó rí i, ó fi bírò tọ́ka sí i, ó kéré tó orí abẹ́rẹ́. Nusaybah bú sẹ́kún.

"Láti March, ẹ ò gba drug kankan, Mummy," dókítà ní. "Àwọn soldier yín ni o. Àwọn nìkan. Bí mo ṣe explain ẹ̀ níjọ́sí, wọ́n ní mem..."

"Mo mọ̀," Ràfíátù dá a lóhùn. "Wọ́n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀."